Ìyá Arúgbó Tí Mo Wò Yà

Ilé Ọ̀gá Urbain Ayàwòrán,
Savalou.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 1997.

Assiath, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Lougba? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn? Ẹ kú iṣẹ́ kaṣú, ẹ sì kú ooru. Ara tèmi le koko, àfi ọwọ́ tí ọ̀dà kò jẹ́ kó mọ́.

Jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: mo yege! O mọ ohun tó gbé mi kúrò ní Bantè. Ìyá wa kú láìya fọ́tò kan ṣoṣo, mo sì búra pé n ó fi ọ̀dà olóróró ya ojú wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Urbain kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ ya ẹnikẹ́ni bí kò bá tíì wo iṣẹ́ àgbà ayàwòrán kan yà, kó sì bá a mu. Ìyá arúgbó kan tó wà nínú ìwé, tí òyìnbó kan yà láyé àtijọ́, ni wọ́n gbé fún mi.

Mo fojú di í. Ṣebí èmi ni mo ya pátákó gbogbo onígbàjámọ̀ láti Bantè dé Bobè! Bí mo ṣe ń ya orí fún wọn náà ni mo ṣe yà á: mo fi ọ̀dà dúdú fa ìlà yí ojú ká, mo wá kun inú rẹ̀. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fataou, ta ló so okùn mọ́ ìyá yìí lójú? Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ nínú dígí, kí o fi ìlà dúdú rẹ̀ hàn mí." Mo wò títí, n kò rí ìlà kankan. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ẹrù mi.

Àṣé ibi tí òkùnkùn ti pàdé ìmọ́lẹ̀ ni ojú ènìyàn ti ń yọ. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ láti inú òkùnkùn, mo ń fi ìmọ́lẹ̀ lé e, mo sì ń dúró kí ọ̀dà gbẹ, èmi tí n kì í lè dúró kí iyán tutù! Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lánàá, Ọ̀gá gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó, wọ́n wo méjèèjì. Wọ́n ní, "Ìyá yìí ń mí. Lọ ya ẹni tí o fẹ́ yà." Mo sunkún bí ọmọdé, ojú kò sì tì mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti ya ìyá wa, gèlè wọn ni mo rántí, ojú wọn kò yọ sí mi dáadáa. Gbogbo Bantè ló sì mọ̀ pé ìwọ lo gbé ojú wọn wọ̀. Gun alùpùpù zémì wá kí Iléyá tó dé, wá jókòó fún mi.

Kí ọkọ rẹ fún mi, kí o sì gbé àwọn ìbejì jó. Má lé tìróò bọ̀ o, má sì kun àtíkè: ojú tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún ọ ni mo fẹ́ yà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Fataou.