Èéfín Tó Jókòó Sínú Ẹ̀jẹ̀ Rejoice

                                                            Ẹ̀yìn Ọjà Ẹja,
                                                            Abereke,
                                                            Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 2025.

Wòsílátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Muzammil ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí báyìí? Ọjà aṣọ rẹ l'Óde Ugbò ńkọ́? Ẹ kú òjò o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Àwa náà wà ńbí, òkun ò tíì kó wa lọ tán. Ara mi le, inú ló ń bí mi. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló ti ń bí mi, n kò sì rí ẹni bá sọ ọ́ àfi ìwọ tá a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kó o tó sá fún abẹ́rẹ́ lọ ta aṣọ.

O mọ Olówòkéré, ẹ̀gbọ́n Kọ́lájọ, àwọn tí ilé wọn kángun sí etí òkun. Má bá mi wí pé mo ń pè é ní "ó". Ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ó bá àwọn kọntirakítọ̀ kan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta lórí omi, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ ní sẹ́fítì, ló bá dé, ló di dókítà. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn yẹn náà ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú akoto lórí, bí ẹni pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ wó lù ú. Ó wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ìka, tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè kí i lálàáfíà mọ́. Bó o bá ní "ẹ káàárọ̀," ìka rẹ ló máa kọ́kọ́ dì mú. Ṣíọ̀!

Rejoice, ìyàwó Kọ́lájọ, ẹja ló ń yan tà. Lóṣù tó kọjá, òkun gbé ahéré tó ti ń yan ẹja lọ, ààrò onídúrọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n rí fà yọ. Ta ló wá ní kí wọ́n gbé ààrò yẹn wọnú ilé? Olówòkéré náà ni, ọ̀gá sẹ́fítì. Ó ní yàrá ẹ̀yìn ṣófo, ó ní pákó ni ògiri rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín pákó wọlé. Afẹ́fẹ́ wo? Nígbà tí Kọ́lájọ ti fi tapólì bo gbogbo ògiri nítorí òjò! Orí tó wà nínú akoto yẹn kò ro ìyẹn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, igi tútù ni Rejoice sì fi ń dáná. Bí aago méjì ọ̀sán ni Kọ́lájọ sáré wá bá mi pé ìyàwó òun bì, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tí mo débẹ̀, pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, nínú èéfín kan náà. Olówòkéré dúró lé e lórí, ó ti há ẹ̀rọ mọ́ ọn níka. Ó na nọ́ńbà sí mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní: "Nọ́ọ̀sì, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún! Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju tìẹ lọ." Ó ní iṣẹ́ ló sú Rejoice, ó ní oorun ló ń sùn.

Wòsílátù, ìwọ tó o sá fún abẹ́rẹ́ gan-an kò ní sọ irú rádaràda yẹn. Ṣebí o rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa: ẹ̀jẹ̀ ni ọkọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni èbúté. Ọ́síjìn á wọkọ̀ lébùúté, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọpọlọ, dé ọkàn, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ń padà bọ̀, á kó ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ tí ara kò fẹ́ mọ́ wá sébùúté, àwa á sì mí i síta. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín igi tí kò jó dáadáa, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Bí ìyẹn bá ti wọkọ̀, kì í fẹ́ sọ̀. Ọ́síjìn á dé èbúté, kò ní ráyè jókòó. Ọkọ̀ kún, ọkọ̀ ń lọ, ọpọlọ ń kú lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ tó sì gbé afẹ́fẹ́ burúkú yìí pọ́n bíi ti ọ́síjìn, ẹ̀rọ orí ìka kò lè dá wọn mọ̀. Àga tó kún ló ń kà, kò mọ ẹni tó jókòó. Rejoice ń kú lọ pẹ̀lú méjìdínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀.

Mo ní ká gbé e bọ́ síta, bó tilẹ̀ jẹ́ inú òjò. Ọ̀gbẹ́ni yìí bi mí pé ta ni ọ̀gá sẹ́fítì níbẹ̀. Èmi àti Kọ́lájọ wọ́ Rejoice jáde sórí àfárá pákó. Ìyá Rejoice ti dé, wọ́n ń ké "Ọma mi ò! Ọma mi ò!" Mo ní ká tètè gbé e lọ sí Igbókọ̀dá, kí wọ́n fi ọ́síjìn inú sílíńdà lé èéfín yẹn jáde lára rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà nílé lọ́jọ́ náà, gbogbo ìyókù ti lọ sókun. Ti Olówòkéré ni. Ó kọ̀. Ó ní òun kì í fi epo gbé ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ sílé ìwòsàn, ó ní ẹ̀rọ òun kì í purọ́. Hàbà! Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú gíláàsì ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń wò.

Sùlèímánì ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tó o máa ń sọ pé kò wúlò fún nǹkan kan, ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lọ pẹ̀lú yìnyín tó fẹ́ kó fún àwọn apẹja. Kò béèrè nọ́ńbà. Ó wo ojú Rejoice lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí da yìnyín sómi kí àyè lè wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin.

Nígbà tá a gbé e dé Igbókọ̀dá, ọ́síjìn ni wọ́n fi lé e nímú títí ilẹ̀ fi ṣú kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ti padà wálé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gbé ṣíbí sílẹ̀, kò ní rántí ibi tó gbé e sí. Olówòkéré ńkọ́? Ó dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀rọ òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Rejoice kò ní kú. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un! Àgbá òfìfo ní í dún woroworo.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Kí Ṣàkírà ọmọ rẹ, sọ fún un pé mo rí fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ó ti dàgbà jù mí lọ. Bá mi kí ìyá rẹ, kó o sì bá mi fi ẹnu rere kí ẹ̀gbọ́n rẹ.

Mo fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí, ọwọ́ mi kọ̀. Ọjọ́ Ajé, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Rejoice ṣubú, mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn yẹn, èéfín ta mí lójú. Mo rí ààrò. Mo rí tapólì. Rejoice fọwọ́ di orí mú, ó ní ó ti ń fọ́ òun láti ìjẹta. Mo ní kó lo parasitámọ̀. Ọkọ̀ ń dúró dè mí, mo gba ẹja mi, mo bá tèmi lọ. Lánàá ni ìyá rẹ̀, ìyá tó lè bí mi, wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ìdúpẹ́ náà, Wòsílátù. N kò sọ fún wọn pé mo ti rí ààrò náà lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo bí mo ṣe ń bú Olówòkéré láti òkè wá yìí, òun kò mọ ohun tí èéfín yẹn lè ṣe ni. Èmi mọ̀.

                                                            Tìrẹ ni mí, bó o bá ṣì ń fẹ́ mi,
                                                            Jọọlá.