Ápù Tí A Dá Padà fún Àwọn Àna Wa

Ẹ̀gbọ́n mi Fúnminíyì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ̀yin àti Bọ̀dá Oyèlẹ́yẹ àfẹ́sọ́nà yín wà nínú òtútù Kánádà? Bàbá ní kí n kí yín. Ẹsẹ̀ Màmá Àgbà ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ba ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín jẹ́. Nígbà tí àwọn àna wa ará Ọ̀rà gbé agbọ̀n ápù wọn kalẹ̀, èmi ni mo sọ sétí Màmá Àgbà pé ápù ni Éfà jẹ. Wọ́n bá ti agbọ̀n náà padà.

"Èso tó lé Ádámù kúrò nílé lẹ fẹ́ fi fẹ́ ọmọ mi?"

"Màmá, ọjà Ìlá yín níbí la ti rà á o!" ni ìyá ọkọ yín wí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún wa mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa fi àwòrán Éfà àtijọ́ hàn wá. Ó ní àwọn ayàwòrán ló fi ápù sí i lọ́wọ́, Bíbélì ò dárúkọ èso náà. Mo ka Jẹ́nẹ́sísì lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Màmá Àgbà. Wọ́n ní, "Ra ápù dání lọ sí Ọ̀rà, kúnlẹ̀, kí o sì jẹ ọ̀kan lójú wọn." Sátidé ni mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ kàn gbàdúrà kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ayọ̀ ni ẹ ó fi wọlé ọkọ.

Àbúrò yín,
Oyèbísí