Màmá Alágbọ̀n, Ẹni Tí Kì í Fa Ẹ̀fọ́ Tu

Ní ọdún 1953 ni a bí olóògbé, màmá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Alágbọ̀n, nínú ilé kékeré kan tí ó kọ ẹ̀yìn sí ojú irin. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá tí ó bí wọn lọ́mọ, agbẹ̀bí sì ni ìyá wọn. Ìtàn tí a bá nílé ni pé ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí fún aládùúgbò kan tán, ó padà sílé, ó sì bí àbígbẹ̀yìn tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó jọ pé láti ọjọ́ náà ni ó ti wọ olóògbé lára pé ti ẹlòmíràn ni a ń kọ́kọ́ yanjú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ìdílé fara dà á bí ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí bá ń kọsẹ̀. Kò sí ẹni tí ó múra sílẹ̀ láti kọ ọ́. Ẹni tí ó ti bárò ajílẹ̀ kọjá lójú wa ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n wá ní ká máa pè ní olóògbé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ahọ́n ń wúwo láti pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1960 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ bí a ti ń pa nǹkan mọ́. Kíláàsì wọn gbin tòmátì de alábẹ̀wò. Kí alábẹ̀wò tó dé, wọ́n ti pín gbogbo èyí tó pọ́n fún àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n máa ro ọgbà náà títí sáà yóò fi parí. Ìjìyà ọ̀hún dùn mọ́ wọn débi pé nígbà tí sáà parí, wọ́n lọ bèèrè bóyá ọ̀gá kò ní fi díẹ̀ kún un.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ọdún 1973, wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2008. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ gbogbo ènìyàn: ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ̀wé sí, àti ẹni tó ń wá bèèrè lójoojúmọ́ tí kò sí ohun tó dé fún un. Àwọn tí nǹkan kì í dé fún yìí ni agbọ̀n ẹ̀fọ́ kọ́kọ́ ń lọ sílé wọn nígbà tó yá.

Télọ̀ kan wà ní òdìkejì títì tí wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ lọ fún. Ó rán an, ó fún. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún fún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, olóògbé bi í bóyá kò mọṣẹ́ ni àbí ó kàn ń wá ẹni tí yóò máa wọ̀n. Télọ̀ náà ni Bàbá wa. Títí di òní, Bàbá ní aṣọ ló súnkì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1977, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1985 ni ìdílé gba ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn alábúlọ́ọ̀kù ti ń da àfọ́kù sí. Àwọn ará àdúgbò fi rẹ́rìn-ín. Bàbá pàápàá ní bí nǹkan kan bá máa hù níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni. Olóògbé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n ṣa àfọ́kù kúrò, wọ́n kó ewé gbígbẹ, eérú, èèpo ẹyin àti ìgbẹ́ adìyẹ jọ, wọ́n jẹ́ kí ó jẹrà, wọ́n sì ń dà á sí ilẹ̀ náà títí ó fi dúdú, tí ekòló fi fi ibẹ̀ ṣelé. Nígbà tí ẹnìkan fún wọn ní oògùn apakòkòrò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n wo àwòrán agbárí tó wà lára ìgò, wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyànjú pé ohun tí a ya agbárí sí lára kì í wọ oko tí ọmọ ti ń jẹun. Àwọn ọmọ ló jẹ palaba ìyà ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa kòkòrò láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Òfin kan wà nínú oko náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú: a kì í fa ẹ̀fọ́ tu. Sísọ́ọ̀sì ni a fi ń gé e, kí a ṣẹ́ ewé díẹ̀ kù nísàlẹ̀, kí ó lè tún rúwé fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n a máa wí pé ẹni tó fa gbòǹgbò ti jẹ ọ̀la mọ́ òní. Ọmọ wọn ọkùnrin fa ẹyọ kan tu nígbà tó wà lọ́mọdé. Títí irun rẹ̀ fi ń funfun ni wọ́n ń rán an létí.

Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń gbé tábìlì sí ẹnu géètì ní gbogbo òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, tí àwọn ènìyàn ń wá gba agbọ̀n tiwọn: ẹ̀fọ́, ilá, ata, ẹ̀wà tútù, ohunkóhun tí ilẹ̀ bá mú wá. Ẹni tó bá fẹ́ san oore, èèpo ẹyin ni kó kó wá. Awakọ̀ takisí kan ń kó tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ títí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn òórùn.

Olóògbé jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Wọ́n darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní ọdún 1990. Ìdílé kò ní tìtorí ìsìnkú purọ́: ohùn wọn kì í bá ti ẹlòmíràn rìn. Ṣùgbọ́n olùdarí akọrin, tí òun náà ń gba agbọ̀n, ní kò sí ohùn tí Ọlọ́run kì í gbọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 2025, ilẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n mu tíì. Wọ́n jókòó sórí àpótí nílé ìdáná láti wọ bàtà oko, wọ́n sì wọ ẹsẹ̀ kan. Bàbá ń bá wọn sọ̀rọ̀ òjò láti inú yàrá, wọn kò dáhùn. Bàbá rò pé òun ti tún ṣẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tí Bàbá yọjú, olóògbé ti fẹ̀yìn ti ògiri, bàtà kejì wà lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà yìí kan náà ló ti ní kí wọ́n máa bá oko wọn lọ ní oṣù tó ṣáájú, pé ara wọn le ju tòun lọ. Ìdílé bi í bóyá ó dá a lójú pé olóògbé ti lọ. Wọ́n tún un bi.

Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin bá ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ. Ó wá ku Bàbá nìkan nílé, kò sì tíì sí ẹni tó ránṣẹ́ sí ará àdúgbò. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gba agbọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí dé ẹnu géètì bí ìṣe wọn, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń ṣàwàdà. Bàbá gbọ́ ohùn wọn. Ó yẹ kí Bàbá jáde lọ sọ fún wọn, ẹnu kò sì gbà á. Ni Bàbá, tí kò kórè rí láti ọjọ́ tí oko náà ti wà, bá kó agbọ̀n, wọ́n di inú oko.

Télọ̀ tí ó ti fi sísọ́ọ̀sì jẹun láti kékeré kò rántí mú sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ni Bàbá fi fa ẹ̀fọ́. Wọ́n fa ebè kan tán, wọ́n bọ́ sórí èkejì, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, wọ́n sì ń pín in kiri tábìlì. Ẹni tó bá bèèrè Màmá, èsì kan náà ni: ó ń bọ̀.

Nígbà tó kan nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó gbé ẹ̀fọ́ tirẹ̀ sókè, ó rí gbòǹgbò tòun ti iyẹ̀pẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Bàbá, ó rí ebè tó ṣófo. Ó rọra gbé agbọ̀n náà sílẹ̀. Àwọn yòókù náà wo inú agbọ̀n tiwọn, wọ́n sì gbé e sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ òfin ilé náà.

“Bàbá,” nọ́ọ̀sì ní, “ta ló fa ẹ̀fọ́ yìí?”

Bàbá wo ọwọ́ ara wọn. “Èmi ni. Ẹni tó máa ń gé e kú láàárọ̀ yìí.”

Awakọ̀ takisí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì gbé agbọ̀n rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá wọ inú oko, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Wọ́n tún ẹ̀fọ́ náà gbìn tẹkúntẹkún, wọ́n bomi rin ín, wọ́n fi àjákù aṣọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá ṣíji bò ó. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ìdílé kò ní sọ pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ rọ, ó kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbà.

Olóògbé fi ọkọ sílẹ̀ sáyé lọ, wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, mẹkáníìkì, olùkọ́ àti èyí tó ń ta ìwé, pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọkọ ọmọ. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn kò tíì mọ ọ̀nà oko. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n obìnrin kan sílẹ̀, tí inú ṣì ń bí gan-an pé àbúrò òun fo òun dá. Wọ́n sì fi gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gba agbọ̀n rí sílẹ̀. A ó ṣí géètì ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹ má retí púpọ̀.

Títí di ọ̀sẹ̀ tí a kọ ìwé yìí, bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn bèèrè Màmá, Bàbá ṣì máa ń dáhùn pé wọ́n ń bọ̀, kí wọ́n tó rántí. Nítorí náà ni ìdílé ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn fúnra wọn sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí a ó fi parí ìtàn yìí. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, a kò fi kún un, a kò sì yọ nínú rẹ̀:

“Ìyá àwọn ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n má dìde. Sùn re o.”