Eérú Tí Màmá Rẹ Dà Sórí Yìnyín

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Kuiguyuk,
Alaska.
Ọjọ́ Kẹta Oṣù Kẹrin, Ọdún 2009.

Olinka, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn yẹn sílẹ̀? Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí o ti ń ka ìwé yìí, ìyàlẹ́nu ò tíì kúrò lójú rẹ, nítorí màmá rẹ fúnra wọn ló fà á lé ọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, bàálù kékeré ni wọ́n wọ̀ jáde nílé. Jẹ́ kí wọ́n mu tíì ná, kí o wá jókòó kà á.

Àjíǹde ọdún tí o fi wá sílẹ̀ yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ìwọ ń wọ bàálù bọ̀ láti ilé ìwé, èmi sì ti fi ẹja gbígbẹ tó dùn jù pa mọ́ dè ọ́, àbúrò mi ò mọ ibi tí mo fi sí. Òjò wá rọ̀ sórí pápá bàálù, ó dì gbagidi. Dwight tó ń wa bàálù ránṣẹ́ lórí rédíò pé òun ò lè balẹ̀ sórí irú yìnyín bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ ní kò jọ ọ́, ọmọ òun ò ní jẹ búrẹ́dì Àjíǹde nílé onílé. Wọ́n kó gbogbo àwa obìnrin jọ láàárọ̀, a gbọ́n eérú inú ààrò ilé ìwẹ̀ olóoru wa, a dà á káàkiri pápá. Háà, bí ojú wa ṣe dúdú tó lọ́jọ́ náà! Màmá rẹ fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, bàtà ò yọ̀. Ẹ sọ fún Dwight kó máa bọ̀, ojo!"

Òótọ́ sì ni, kò yọ̀ láàárọ̀. Oòrùn ni ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò. Bàálù pẹ́ kó tó dé, oòrùn sì ti ń ta sórí eérú dúdú yẹn títí ọ̀sán. Eérú gbóná, ojú yìnyín yọ́, omi wá dúró lé e lórí. Bí táyà ṣe kàn án, ńṣe ni bàálù yọ̀ bí ọṣẹ inú balùwẹ̀. Ó pòòyì, ó ré kọjá òpin pápá, ó forí sọ òkìtì yìnyín, ìrù rẹ̀ dòkè. Gbogbo wa sáré lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Dwight yọ jáde, ó rí omi dúdú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kígbe pé, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ fi mí se ọbẹ̀ ni?" A bú sẹ́rìn-ín, àfi màmá rẹ, nítorí wọ́n ti rí apá rẹ tó ń fì dirodiro.

Lẹ́yìn Àjíǹde, alùpùpù orí yìnyín gbé ọ gba ojú odò dídì lọ sí Bethel, o wọ bàálù ńlá lọ sí Anchorage, o ní ìwọ àti bàálù kékeré ti parí. Mi ò dá ọ lẹ́bi. O ní wàá máa fi ọkọ̀ ojú omi wá nígbà ooru. Ooru mélòó ló ti kọjá, Olinka? A sin bàbá rẹ, o ò sí níbẹ̀. Tí mo bá ń ká èso lẹ́yìn odò, mo ṣì máa ń yíjú kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Màmá rẹ ò wọ bàálù rí. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kì í tilẹ̀ wo ọ̀kánkán pápá. Wọ́n gbà pé eérú àwọn ló lé ọ kúrò nílé. A sọ títí, etí ikún ni wọ́n kọ sí wa. Ojú wọn sì ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ ń làágùn nínú ilé ìwẹ̀, wọ́n kàn ní, "Fekla, mo ń lọ mú un wálé kí Àjíǹde tó dé, nígbà tí mo ṣì lè rí ojú ẹ̀. Tó bá jẹ́ bàálù ló ń bà á lẹ́rù, èmi ni màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tá a bá ń bọ̀, màá jókòó tì í."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin tí àkàbà lásán ń bà lẹ́rù?" Wọ́n bu omi lù mí.

Lánàá ni Zaukar tó ń gba èrò bàálù lábúlé wá kọ orúkọ wọn. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe wúwo tó, bí wọ́n ti ń bi gbogbo èrò bàálù kékeré. Wọ́n sọ tiwọn, wọ́n dín in kù díẹ̀, irọ́ tí gbogbo wa ń pa. Ni wọ́n bá ní, "Kọ ti Olinka náà sílẹ̀, fún ìgbà tá a bá ń bọ̀. Àádọ́fà páùn."

Zaukar rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà ní, "Màmá, Olinka ti bímọ mẹ́ta o! Ta ló tún lè wúwo mọ bẹ́ẹ̀?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bó ṣe wúwo tó nìyẹn lọ́jọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Mi ò mọ òmíràn."

Zaukar kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Gbogbo ará ilé mi ń kí ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí yóò dúró de ẹ̀yin méjèèjì,
Fekla.