Gbémiga, Àwọn Adójútòfò Ti Kọ Ọkọ̀ Náà

Ilé wa, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ Sọ́ọ̀ṣì,
Bọ́lọ́rundúró, lọ́nà Oǹdó.
Ọjọ́ Ajé.

Gbémiga ọmọ mi, Àkànní,

Báwo lo ṣe wà? Ṣé ara le? Ṣé ilé iṣẹ́ yín ní Àkúrẹ́ ṣì ń ṣílẹ̀kùn? Ọlọ́run tó ń fún eèrà lóúnjẹ lọ́dún tí èèyàn ń mu omi tútù sùn, kó má ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ. Ọ̀nà tí o bá gbà lọ ni wàá gbà bọ̀. Jàǹbá kò ní mọ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ìyá rẹ wà, bí gbogbo ayé ṣe wà náà ni mo wà. Bàbá rẹ náà wà, mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tiwọn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni gbogbo nǹkan ti gun òkè àjà níbí. Gààrì tí à ń fi panu tẹ́lẹ̀ ti di oúnjẹ olówó. Fíkà wa ti ta ọkọ̀ wọn, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn lọ ṣe ìsìn ní àwọn ìletò, ẹ̀wù funfun wọn a sì pọ́n bí epo kí wọ́n tó dé. Ewúrẹ́ wa bímọ, àmọ́ mo ti ta ìyá, mo fi ra oògùn.

Mo kọ́kọ́ ní kí Àdùnní tó ń ta káàdì fóònù níwájú ilé wa bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù. Ó fi í ránṣẹ́, àmì méjì jáde nídìí ọ̀rọ̀ náà, irú èyí tí bàbá rẹ máa ń fi sí ìwé ọmọ tó bá gba ìdáhùn, ó sì di aláwọ̀ búlúù. Inú mi dùn, mo ní mo gbà á. Àdùnní ní rárá, ó ní ó túmọ̀ sí pé o ti kà á ni. Mo retí èsì, kò sí èsì. Mo tún fi òmíràn ránṣẹ́, ẹyọ kan ló jáde lọ́tẹ̀ yìí, kò sì láwọ̀. Mo ní ṣé mo ti ń fìdí rẹmi nìyẹn? Àdùnní kàn ń nu tábìlì rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, kí Olúwaṣeun awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ gbé e wá bá ọ. A kò bá ọ jà o. Mo fẹ́ sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa ni, nítorí o kò jẹ́ kí n sọ ọ́ parí lórí fóònù.

Ọjọ́ Sátidé yẹn, bàbá rẹ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ti gbé apá tí rọpárọsẹ̀ mú lé wọn lórí itan, à ń retí rẹ kí o wá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn na ọwọ́ na ẹsẹ̀. O mọ̀ pé wọ́n ti ń lè ká ìka mọ́ ife. Oòrùn kan àtàrí, a kò rí ọ. Ohun tí a rí ni ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀, Corolla wa ló so mọ́dìí, iwájú rẹ̀ ti rún bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí bàbá rẹ fi owó ìfẹ̀yìntì tíṣà rà, owó tí wọ́n dúró dè títí irun fi funfun lórí wọn.

Awakọ̀ tó wọ́ ọkọ̀ náà wá ló sọ fún wa pé ibi pápá eré ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sẹ́yìn Oǹdó lòun ti gbé e, pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sanwó wọlé kí ẹ lè fi ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ bá ara yín sáré. Mo ní níbo lẹ ń lọ? Ó ní kò síbi tí ẹ ń lọ, ẹ ń yí po ni, ibi tí ẹ ti gbéra náà lẹ ń padà sí. Mo ní kí wá ni ìkánjú? Ó ní òun náà kò mọ̀. Nígbà tó yá, Àdùnní rí fọ́nrán rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, nọ́ńbà wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, o sì ti ń ya àwọn kan sílẹ̀ kí o tó dé kọ́nà tó gbé ọ ṣubú. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn díẹ̀ láàárín ẹkún, torí láti kékeré o kì í ṣáájú níbi eré.

Ìwọ wá pè mí pé ẹ̀mí rẹ wà, pé kí n má sunkún, pé adójútòfò ńlá lo san, èyí tó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, wọn ó rán èèyàn wá wo ọkọ̀, kí n tọ́jú àlejò náà dáadáa. Mo sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí bàbá rẹ. Mo gúnyán fún un, mo fi ẹran ìgbẹ́ se ọbẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo máa ń nu gíláàsì ọkọ̀ níbi tí wọ́n lẹ ìwé adójútòfò mọ́, kó lè máa rí ọ̀nà dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣeun, Màmá. Ó wá ní báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Gbémiga, ẹni tó ń jẹ iyán mi lọ́wọ́ ló bi mí léèrè. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fi nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn hàn án. Mo pe Àdùnní kó gbé fóònù wá, kó lè rí i pé awakọ̀ gidi ni ọ́, pé kì í ṣe pé o sùn lórí ìdarí. Ọkùnrin náà dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó ní Màmá, ohun tí Gbémiga kọ sí àwọn ni pé màlúù ló já lu òun lójú títì, pé màlúù lòun ń yà fún. Mo ní ó lè jẹ́ pé màlúù wà níbẹ̀. Àdùnní dá fọ́nrán náà padà sẹ́yìn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá màlúù títí, a kò rí màlúù. Mo ní bóyá ó ti sá kọjá kí wọ́n tó máa yà á. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ẹran ṣì wà nínú abọ́.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́, sí ọjà, sí ilé ìwòsàn ni àwọn bá ọ ṣe àdéhùn lé lórí. Ó ní ó wà nínú ìwé tí o bu ọwọ́ lù pé bí ọkọ̀ náà bá lọ síbi ìdíje, tàbí kí wọ́n kàn fi dán eré wò lásán láìsí ẹ̀bùn, àwọn kò sí níbẹ̀. Èyí tó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ kò bo pápá eré. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe é a kọ́kọ́ wá sọ, bóyá wọn ó lè ṣe àdéhùn mìíràn fún un. Mo ní ṣebí ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà ni, àwọn tó ń sáré lójú títì Àkúrẹ́ sì ń sáré ju èyí lọ, ẹ ń sanwó fún wọn. Ó ní Màmá, ti ojú títì, jàǹbá ló wá èèyàn wá; ti pápá eré, èèyàn ló lọ kan ilẹ̀kùn jàǹbá. Ó sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Mo tún rántí ẹni kẹta. Mo ní mo ti gbọ́ ọ rí pé ẹ máa ń sanwó fún ẹni kẹta, Gbémiga lẹni àkọ́kọ́, èmi lẹni kejì, ẹni kẹta ló jókòó sórí àga yẹn, apá wọn nìyẹn. Ó wo bàbá rẹ, ó gbé ojú kúrò. Ó ní kì í ṣe irú ẹni kẹta bẹ́ẹ̀.

Ìwé wọn ti dé sílé, torí orúkọ bàbá rẹ ló wà lára ìwé ọkọ̀. Fíkà ló kà á fún wa. Wọn kò ní san nǹkan kan, wọ́n sì ti fòpin sí àdéhùn náà, màlúù yẹn ló bí wọn nínú jù. Adójútòfò lorúkọ wọn, mo rò pé òfò ni wọ́n ń dójú tì, àwa lojú wá tì. Nígbà tí mo sọ fún ọ, o ní Màámi, ẹ ti pa mí, o sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti rò ó títí, Gbémiga. Ṣé òótọ́ tí mo sọ ló pa ọ́, àbí màlúù tí kò sí?

A gbìyànjú láti wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ọkùnrin gbé bàbá rẹ wọlé bí àpò kòkó. Awakọ̀ ní ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn ti gba àyè ẹlòmíràn, kí n san ti èèyàn méjì. Obìnrin kan ń kùn pé a ń dá àwọn dúró. Bàbá rẹ tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Bọ́lọ́rundúró ní A, B, D! Omi ṣáà ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí a padà délé, wọ́n fọwọ́ júwe pé ó tó, àwọn kò lọ mọ́. Ìka tó ti ń ká ti padà le bí igi. Mò ń fi omi gbígbóná àti òrí nà án, àmọ́ ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ ilé ìwòsàn. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Lánàá ni bàbá rẹ ní ká fi fọ́nrán yẹn han àwọn. Mo rò pé ìbínú ni. Wọ́n wò ó dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń fà ọ́ jáde nínú ọkọ̀, ibi tí àwa kò wò rí torí màlúù là ń wá. Wọ́n na ìka sí i. O gbá apá òsì mọ́ àyà bí bàbá rẹ ṣe ń gbá tiwọn mọ́ra gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn ni apá. Mo ní ṣé apá yín ń dùn yín ni? Wọ́n mi orí. Wọ́n ní tiẹ̀. Láti òwúrọ̀ yìí, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń bi mí. Gbémiga, kí ló ṣe apá rẹ tí o kò sọ fún wa?

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ rán Olúwaṣeun, kí o fi díẹ̀ lé e fún gààrì. Má fi í sí báǹkì, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báǹkì ní Oǹdó ti gbé káàdì mi mì, mo dúró tì í kó pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́. Bí kò bá sí owó, má torí ìyẹn sá pa mọ́. Olúwaṣeun yóò wà ní gáréèjì títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi kún. Mo ti sanwó àyè ẹnì kan sílẹ̀ fún un fún ìgbà tó bá ń padà bọ̀ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má baà fara gbá apá náà.

Ọlọ́run yóò wo ibi tó ń dùn ọ́ tí o kò lè sọ. Ilé kò ní lé ọ. Wàá bá bàbá rẹ láyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọlábísí.