Orúkọ Tí Mo Sọ Ajá

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bwari níbí. Màámi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ìyá àgbà, ẹ kú ojú lọ́nà. Káyọ̀dé àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, kà á sókè, má fo ibì kan. Gbangba ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe, mi ò fẹ́ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ara Àǹtí Bọ́lá, àbúrò yín, le. Àgbàdo tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lé ọ̀bọ. Orí àpáta ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí, èyí tó dàgbà jù nínú wọn á jókòó sórí òkúta, á máa wò mí bíi pé èmi ni mo wá jalè. Nítorí tiwọn ni Àǹtí ṣe gba ọmọ ajá kan wá, wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ.

Bàbá, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ̀ pé a kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Nígbà tí ẹ̀yin àti Bàbá Elégùsí ń jà sí ààlà oko, ẹ sọ ajá yín ní Ojú-ò-tì-wọ́n, ẹ sì máa ń pè é kíkankíkan níwájú ilé wọn.

Èmi náà ní ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́. Ìyá Kúnlé ni, ará Ìkirè, ògiri kan ló wà láàárín wa. Àwọn nìkan ni Àǹtí ń bá sọ Yorùbá ládùúgbò yìí. Àwọn tó kù, sànnu la fi ń kí wọn, yauwa ni wọ́n fi ń dáhùn. Ìyá Kúnlé wo abọ́ ẹ̀bà mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ṣé ìyàn ló lé mi kúrò nílé ni. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó dùn mí. Mo sọ ajá ní Ẹ̀san-ń-bọ̀.

Láràárọ̀ ni mò ń pè é, ẹ̀gbẹ́ ògiri Ìyá Kúnlé ni mo sì ń dúró sí. Àǹtí rò pé àwọn ọ̀bọ ni mò ń bá wí, orúkọ náà tilẹ̀ ń pa Àǹtí lẹ́rìn-ín.

Ìyá Kúnlé ló mọ ojú ọjọ́ jù lọ́dọ̀ wa. Bí ìkùukùu bá ti jókòó sórí òkè, wọ́n á ké sí wa pé ká kó aṣọ. Nígbà tó yá, wọn ò ké sí wa mọ́. Òjò ń pa aṣọ wa, Àǹtí ń bi mí pé kí ló ṣe ọ̀rẹ́ àwọn. Mo ní mi ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì jà. Ó ṣí páànù ilé Ìyá Kúnlé, ó gbé e sáàárín àgbàdo wa. Ajá ti bẹ̀rù sá lọ, ni mo bá ń sáré kiri nínú òjò, mò ń pariwo Ẹ̀san-ń-bọ̀, Ẹ̀san-ń-bọ̀. Ìyá Kúnlé dúró nínú yàrá tí kò lórí mọ́, wọ́n pọn Kúnlé sẹ́yìn, wọ́n ń wò mí.

Ìyá Kúnlé sọ ìtumọ̀ orúkọ ajá fáwọn ará àdúgbò, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé Àǹtí fi ajá ṣépè. Wọn ò ra ẹyin lọ́wọ́ Àǹtí mọ́. Kai, Bàbá, èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀.

Lówùúrọ̀ òní mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Kúnlé. Mo ní èmi ni, kì í ṣe Àǹtí, mo ní nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀bà yẹn ni. Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n ní ẹ̀bà wo? Wọn ò rántí rárá. Wọ́n ní páànù ò ṣòro, káfíńtà á kàn án padà. Àmọ́ wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti ń sùn lábẹ́ ọ̀rá, ẹjọ́ Àǹtí Bọ́lá ni àwọn ń fi sun Ọlọ́run, àwọn ń dá orúkọ wọn, àwọn ò wá mọ bí èèyàn ṣe ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ padà. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní kí n ṣíwájú ká lọ bá Àǹtí.

Àwọn méjèèjì ti wà nínú yàrá tipẹ́. Wọ́n ní kí n dúró síta. Mo pe ajá ní Ọ̀rẹ́, kò wojú mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un, èyí tí èèyàn lè pè létí ògiri ẹlòmíràn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Òjò ọdún yìí á tu oko yín lára, kò ní ṣí ilé yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́