Ojú Ewé Tó O Fò Nínú Ìwé Wa

Ọkọ mi, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun lásìkò, ṣé yàrá tó o wà ò jò mọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ mo ti bá a wí. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú, èkejì ti ń jẹ aṣọ. Aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bù mọ́ ọn.

Ìwé àwòrán tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe, tó o fi rán awakọ̀, ti dé ọwọ́ mi. Aránṣọ kà á fún mi, mo ní kó tún un kà. Ọmọ kan jókòó nídìí tábìlì, ó fẹ́ kọ ìtàn, ìtàn ò wá. Ó jẹ ìdí bíró títí ó fi fọ́. Ó wo ológbò, ológbò náà ò mọ nǹkan kan. Mo wo ojú ọmọ yẹn, ojú rẹ gan-an ni, bó o ṣe máa ń ṣu ẹnu jọ tí oúnjẹ ò bá tíì jinná. Ẹnu yà mí. Mo pa ìwé náà dé, mo tún ṣí i, ọmọ náà ṣì jókòó síbẹ̀.

Aránṣọ wá sọ pé irú ìwé yìí kan náà wà nílé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Mo ní kó má purọ́ fún mi, ẹ̀rọ wà nílé tirẹ̀ náà, láti ọjọ́ tó ti ń fi rán yẹ̀rì, kò tíì ya ológbò kankan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọ́. O sunkún lórí fóònù pé ìwé kejì ò wá sí ọ lórí, pé àwọn ọ̀gá rẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, pé o fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́ máa bọ̀ wálé. Ta ni yóò fọwọ́ ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ológbò tí kò ní rẹ̀ ẹ́?

Ó rẹ̀ ọ́ débi pé o fo ojú ewé kan nínú tiwa. Ibi tí ọmọ náà ti gbé orí lé tábìlì, ojú ewé tó tẹ̀ lé e funfun báláú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ náà wá ń kọ̀wé tó ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ní o mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé ṣé òun náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rán ẹ̀wù alápá kan fún oníbàárà.

Mi ò fẹ́ kí àlejò ṣí i kó ní ọmọ ọmọ mi ò parí iṣẹ́, ni mo bá mú èédú kí n bá ọ dí i. Ọkọ mi, ọwọ́ mi ò gbéra. Ojú ewé yẹn ń wò mí. Èmi tí mo pa paramọ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀, bébà ń dẹ́rù bà mí. Mo wá gbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ lò ń ṣe.

Inú bí mi, mo lọ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Nígbà tí mo padà, mo fi ọwọ́ tó ti dúdú nídìí ìkòkò ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi dúró sójú ewé funfun yẹn, dúdú, tòun ti gbogbo ìlà rẹ̀, ọ̀nà tó pínyà, ọ̀nà tó tún pàdé, ojú ibi tí àdá ti gé mi sì rí bí odò láàárín wọn. Mo ti ń gbé ọwọ́ yìí kiri láti kékeré, mi ò mọ̀ pé odindi ìlú wà nínú rẹ̀. Aránṣọ ní igi ni, ìyá oníbúrẹ́dì ní ẹyẹ tó fẹ́ fò ni, wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Torí náà má wálé, mo ti kó àgbàdo sí yàrá rẹ. Sinmi ọwọ́. Tí ojú ewé kan bá tún ń wò ọ́, fi ọwọ́ dídọ̀tí tì í, kó o wo ohun tó bá kù síbẹ̀. Àwọn ìwé tó o ti fo ojú ewé wọn, kó wọn ránṣẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń fọwọ́ pa ìdí ìkòkò, wọ́n ń dúró.

Fi owó òróró orúnkún ránṣẹ́, àti owó ọṣẹ, kó pọ̀, nítorí ògiri tí wọ́n ti ń tẹ ọwọ́ sí.

Orí rẹ ò ní gbẹ. Ohun tó ò ń wá á máa wá ọ.

Aránṣọ ní kí n tẹ àtàǹpàkò sísàlẹ̀ níbí, bí àwọn tí ò mọ̀wé ṣe ń ṣe. Mo ní àtàǹpàkò kéré sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo ọwọ́ ni mo tẹ̀. Wò ó dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà.